Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà Nídìí Òṣùwọ̀n

Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà ni gbogbo awakọ̀ típà ń pè é, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn dénú. Obìnrin yìí ló ń jókòó nídìí òṣùwọ̀n níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, nínú ilé kọnkéré kékeré kan tó ní fèrèsé gíláàsì kan ṣoṣo. Bí típà bá gun irin òṣùwọ̀n, kọ̀ǹpútà á sọ bí ẹrù rẹ̀ ṣe wúwo tó. Bí kò bá kọjá ààlà, ọ̀pá irin ojú ọ̀nà á gbéra, awakọ̀ á sì máa lọ. Bó bá kọjá, ọ̀pá ò ní mira, àfi kí onítọ̀hún padà lọ da lára òkúta rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun tí àwọn awakọ̀ ò mọ̀ ni pé ọ̀gá yìí kì í ṣe ọ̀gá kankan. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ṣètò ẹ̀rọ náà, àkáǹtì kékeré ló sì ṣí fún un. Ó lè fi wọn ẹrù, ó lè fi tẹ rìsíìtì, ó parí. Kò lè yí ààlà padà, kò lè gbé nǹkan tuntun sórí ẹ̀rọ, kò tilẹ̀ lè tún aago rẹ̀ ṣe. Àkáǹtì ńlá tó ń ṣe gbogbo ìyókù wà lọ́wọ́ àbúrò, nínú yàrá ẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí i nínú gan-an.

"Èmi tí mo pọ̀n ọ́ dàgbà," á ní, "èmi lo wá ń tì mọ́ta bí ewúrẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú," àbúrò á fèsì. "Ẹ̀yin lẹ ń kojú àwọn èèyàn yẹn. Bí nǹkan burúkú bá gba ọ̀dọ̀ yín wọ ẹ̀rọ, tàbí tí ẹnì kan bá fipá mú yín, ibi tí àkáǹtì yín mọ náà ló máa mọ."

Ẹ̀gbọ́n á pòṣé. Bó bá sì dé iwájú àwọn awakọ̀, á tún máa fọ́nnu pé kò sóhun tóun ò lè fi ẹ̀rọ yẹn ṣe. Ká má purọ́, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

Awakọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Ìjàngbọ̀n gbà á gbọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó kó ẹrù kọjá ààlà, ọ̀pá irin kò gbéra, òun náà kò sì fẹ́ da òkúta kankan sílẹ̀. Ó bọ́ sílẹ̀, ó fa irin tí wọ́n fi ń tú táyà yọ lábẹ́ àga, ó sì fọ́ fèrèsé náà yángá. Gíláàsì ya obìnrin náà lójú. Ojú fèrèsé yẹn ni Ìjàngbọ̀n gbà wọlé.

"Fi kún ààlà yẹn."

"Mi ò lè ṣe é. Àkáǹtì mi ò gbà á."

Ó gbá a létí, obìnrin náà àti àga rẹ̀ ṣubú lulẹ̀. Ó fi irun fà á dìde.

"Ṣebí ẹnu ẹ lo fi sọ pé kò sóhun tó ò lè ṣe níbí?"

Ó ki ọwọ́ obìnrin náà bọ dúrọ́ọ̀ tábìlì, ó sì fi ẹsẹ̀ tì í pa. Egungun ìka dún. Ẹ̀rù ba obìnrin náà débi pé ó gbìyànjú ní tòótọ́: ó ń sunkún, ó ń fi ọwọ́ tó kù tẹ ibi ààlà, lójú Ìjàngbọ̀n. Kọ̀ǹpútà kọ ọ́ síta gàdàgbà pé àkáǹtì rẹ̀ kò láṣẹ, kó pe ẹni tó ni àkáǹtì ńlá.

Ìjàngbọ̀n kà á. Ó yíjú sí ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn.

"Ta ló ni àkáǹtì ńlá? Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?"

Ibẹ̀ ni ìbínú ti lé ẹ̀rù kúrò lára ẹ̀gbọ́n. Àbúrò rẹ̀ ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn pákó yẹn, tòun ti oyún ńlá nínú. Ẹ̀gbọ́n fa ọwọ́ yọ nínú dúrọ́ọ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, ó sì gbé ohùn sókè kí ẹni tó wà nínú lè gbọ́.

"Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Èmi ni mo ni ín. Mo mọ pásíwọ́ọ̀dù ẹ̀, mi ò sì ní sọ ọ́ fún ẹ."

Irọ́ ńlá gbáà ni. Ìjàngbọ̀n la irin mọ́ ọn léjìká. Ó là á mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó là á mọ́ ọn níhà. Obìnrin náà ń ṣubú, ó ń dìde, kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó tu ẹ̀jẹ̀ sí ọkùnrin náà lójú.

Lójijì ni fèrè ńlá dún. Fèrè yẹn ni wọ́n máa ń fọn kí wọ́n tó fi àdó olóró fọ́ àpáta. Ẹni tó bá gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó sá wá sí ilé kọnkéré náà, torí kò sí ibi ìsádi mìíràn. Inú àkáǹtì ńlá ni wọ́n sì ti ń fọn ọ́n. Àbúrò ti gbọ́.

Gbogbo òṣìṣẹ́ ya dé pẹ̀lú eré, ọ̀pọ̀ wọn ò tilẹ̀ rántí ju òòlù sílẹ̀. Wọ́n bá Ìjàngbọ̀n pẹ̀lú irin lọ́wọ́, wọ́n sì rí ẹni tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ojú fèrèsé tó fọ́ náà ni wọ́n gbà wọ́ ọ jáde. Wọ́n lù ú títí kò fi lè dá dìde. Kò sẹ́ni tó ṣàánú rẹ̀, kò sì yẹ kí wọ́n ṣe é.

Nílé ìwòsàn, àbúrò jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, ó ń sunkún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dárí jì mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ pásíwọ́ọ̀dù ọ̀hún fún yín. Ó tọ́ sí yín."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ẹnu sún mọ́ etí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n gbé ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì wé, ó sì fi bò ó lẹ́nu.

"Máa gbé e dání," ló wí. "Nígbà tó lù mí níhà yẹn, ká ní mo mọ̀ ọ́n ni, ǹ bá ti sọ ọ́."