Sàníù àti Àjà Kẹsàn-án

Ní gbogbo abà Jùbrílù, lẹ́bàá ọ̀nà Ìyànà Ọ̀fà, kò sí ẹni tó mọ Ilé Àwọn Àgbẹ̀ tó Sàníù. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ́ ọ ní Dùgbẹ̀ ló ti máa ń dúró wò ó, nígbàkigbà tó bá gbé kòkó lọ sí ìgboro. Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀ lọ́dún 1965, ó na ìka sí i, ó ka àjà rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó mọ̀ pé owó kòkó ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ó mọ̀ pé kò sí ilé mìíràn ní Nàìjíríà tó ga tó o.

"Sàníù," Múyì ọ̀rẹ́ rẹ̀ a máa wí, "ṣé ilé baba rẹ ni?"

"Ilé wa ni. Kí ni wọ́n ń pè é? Ilé Àwọn Àgbẹ̀. Ta ni àgbẹ̀, bí kì í bá ṣe èmi?"

"Ó dáa. Lọ tẹ́ ẹní rẹ síbẹ̀ lálẹ́ yìí, ká wò ó."

Akọ̀wé kan sọ fún un nígbà kan pé àjà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni. Sàníù rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó kà á fún ọ ti fo ọ̀kan," ló wí.

Lọ́dún 1967, ìwé dé sí abà. Iléeṣẹ́ ìjọba kan fẹ́ gba ilẹ̀ wọn, kí wọ́n fi dá oko ńlá. Lazarus, tíṣà tó jẹ́ ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù, ló kà á fún wọn. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn ní láti wá tẹ ìka sínú ìwé ní ọ́fíìsì wọn, àjà kẹsàn-án, Ilé Àwọn Àgbẹ̀, kí aago méjìlá ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ tó lù. Ìka ẹnì kan ṣoṣo tó fún gbogbo abà. Bí aago bá lù tí kò sí ìka kankan, ilẹ̀ di ti ìjọba.

Jùbrílù tó kọ́kọ́ ṣán igbó náà ni bàbá àgbà Sàníù. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Àwọn àgbà kò jiyàn lórí ẹni tí wọ́n máa rán. Sàníù ló mọ ilé náà.

"Ẹ rántí, Bàbá," ni Lazarus wí. "Àjà kẹsàn-án."

"Ìwọ lo máa júwe ilé yẹn fún mi?"

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ó kírun àsùbáà, ó gé èékánná àtàǹpàkò rẹ̀, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí àbàwọ́n kòkó fi kúrò lára rẹ̀. Awakọ̀ bọ́lẹ̀kájà ní Ìyànà Ọ̀fà kò gbéra títí ọkọ̀ fi kún. Lójú ọ̀nà, táyà bẹ́. Nígbà tí Sàníù wọ ilé gíga náà, aago mọ́kànlá ààbọ̀ ti fẹ́ẹ̀ lù, èrò sì tò lọ bẹẹrẹ níwájú ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn ròkè.

Ó gba ọ̀nà àtẹ̀gùn.

Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan ilẹ̀ ló pè ní ọ̀kan, bí gbogbo abà Jùbrílù ṣe máa ń ka ọjọ́ ọjà bẹ̀rẹ̀ láti òní gan-an. Kéú nìkan ló kà nígbà èwe rẹ̀. Kò wo nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ògiri. Ní ìkarùn-ún, ó nu òógùn ojú rẹ̀. Ní ìkeje, ó di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú. Ó ká àtàǹpàkò rẹ̀ sínú ìkúùkù kó má bàa dọ̀tí. Ìkẹjọ. Ìkẹsàn-án. Ó ti ilẹ̀kùn ṣí, ó wọlé.

Ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Leah ló wà níbẹ̀, ó ń tẹ̀wé.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ọ̀gá ni mo wá rí."

"Wọ́n ń bọ̀. Ẹ jókòó."

Ó jókòó. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó ti dé. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ kankan kò wọlé lẹ́yìn rẹ̀, ìwé kankan kò sì ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì. Ó wo aago ara ògiri. Ọwọ́ aago náà méjèèjì ti fẹ́ pàdé lókè.

"Ọmọ mi, ṣé ọ̀gá kò ní pẹ́ mọ́?"

"Wọn ò ní pẹ́, Bàbá."

"Àbí ibí kọ́ ni wọ́n ti ń tẹ ìka nítorí ilẹ̀ abà?"

Leah dáwọ́ iṣẹ́ dúró. "Òkè wa nìyẹn. Àjà kẹsàn-án."

"Kẹsàn-án nìyí. Mo kà á."

"Ìkẹjọ nìyí, Bàbá. Ẹ ka ilẹ̀ mọ́ ọn ni. Níbí, wọn kì í ka ilẹ̀."

Ó ti dìde kó tó sọ ọ́ tán. Ó fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn tó kù. Nígbà tó dé òkè, akọ̀wé tó ń jẹ́ Ọláníran ti fi yíǹkì pupa fa ìlà sábẹ́ orúkọ tó kẹ́yìn nínú ìwé.

"Aago méjìlá ti lù, Bàbá."

"Ìsàlẹ̀ yín níbí ni mo wà. Ó ti pẹ́ tí mo ti jókòó."

"Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín, àjà kẹsàn-án ló wà níbẹ̀ àbí òun kọ́?"

"Òun ni."

"Ó parí nìyẹn."

Akọ̀wé náà kò ju àbíkẹ́yìn Sàníù lọ. Kò pariwo mọ́ ọn, "ẹ" ló sì fi bá a sọ̀rọ̀ títí dópin. Lábẹ́ ìlà pupa náà, àyè ìka mẹ́wàá ṣì wà. Sàníù rí i. Àtàǹpàkò rẹ̀ ṣì mọ́ tónítóní. Akọ̀wé pa ìwé náà dé.

Ìwé náà kò parọ́. Lazarus kò ṣì í túmọ̀. Akọ̀wé kò rú òfin kankan. Báyìí ni wọ́n ṣe gba abà Jùbrílù, láìsí ẹni tó jẹ̀bi. Kí ọdún tó yí po, katakata ti wú gbogbo igi kòkó, ó sì ti tẹ́ ilẹ̀ ibojì pẹrẹsẹ.

Alakia ni Sàníù kó lọ, lọ́dọ̀ Mùsílímátù ọmọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, àwọn ọ̀dọ́kùnrin àdúgbò ń jiyàn lórí ilé gíga Dùgbẹ̀, wọ́n sì ké sí i.

"Bàbá, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Àjà mélòó ni?"

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n."

"Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n sọ fún wa."

"Ẹni tó kà á fún yín," ni Sàníù wí, "ka ilẹ̀ mọ́ ọn."