Ta Ni Jónà Ilé Wa?

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Àjégúnlẹ̀, mo ti mọ orúkọ gbogbo ẹni tí Ọlọ́run fìyà jẹ nínú Bíbélì kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ ẹ̀bà. Bàbá mi ló fà á. Akọ̀wé ni wọ́n ní èbúté Àpápá, àwọn náà ló sì ń kọ́ wa ní Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tó o bá jí ẹran nínú ìkòkò, o ti di Ákánì. Tó o bá bojú wẹ̀yìn wo ẹni tó ń ta gúgúrú, ìyàwó Lọ́ọ̀tì ni ẹ́. Nítorí gúgúrú, èèyàn á di òpó iyọ̀! Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ó sú mi pátápátá.

Òfin ọjọ́ Ìsinmi ló wá burú jù. A kì í gbálẹ̀, a kì í fọṣọ, a kì í gbé ẹrù. Láti Sátidé la ti ń se ọbẹ̀, tá a ń pọnmi kún àmù. Tútù la máa ń jẹ ọbẹ̀ náà, epo á ti dì sójú ẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan nígbà òjò, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé. Gàrí ni màámi ń tà. Àpò méjì tí wọ́n rà wá láti Ìjọra wà nílẹ̀ ní pálọ̀, gbogbo ọjà wọn nìyẹn. Màámi ní ká bá àwọn gbé e sórí tábìlì. Bàbá ní rárá o, iṣẹ́ ni.

"Òjò yìí kì í ṣe lásán," ni bàbá wí. "Jónà kan wà nínú ilé yìí."

Ni wọ́n bá tò wá sára ògiri, wọ́n ń bi wá léèrè ẹ̀ṣẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, omi sì ń ga sí i. Délé àbúrò mi bú sẹ́kún, ó ní òun lọ aṣọ láàárọ̀. Háà, bàbá ti rí Jónà! Wọ́n ní kó kúnlẹ̀ sínú omi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

"Bàbá Àbẹ̀kẹ́," ni màámi pariwo, nítorí èmi Àbẹ̀kẹ́ ni àkọ́bí, "gbogbo Àjégúnlẹ̀ lomi wọ̀! Ṣé Délé ló lọ aṣọ gbogbo wọn ni?"

Bàbá ò dákẹ́ àdúrà. Ìyá tó bí bàbá, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, tó sì ti ká ẹsẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì látìgbà tómi ti wọlé, ló wá sọ̀rọ̀: "Èmi ìyá ẹ ni mo ní kó o gbé gàrí yẹn. Bọ̀wọ̀ fún ìyá rẹ, ṣé ìyẹn kì í ṣe òfin ni?"

Bàbá wòkè, wọ́n wolẹ̀, wọ́n ká ṣòkòtò. Wọ́n rí àpò kan gbé. Èkejì ti wú, ó ti di ẹ̀bà tútù. Màámi jókòó sórí tábìlì, wọ́n ń sunkún. Inú bí mi débi pé nígbà tí bàbá padà parí àdúrà wọn, mi ò ṣe Àmín.

Bàbá ò tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé, àwọn fúnra wọn ló máa ń gbé gàrí sórí tábìlì.

Lóde òní ńkọ́? Ọmọ mi obìnrin ń gbé ní Amùkòkò. Tòun tọkọ ẹ̀ ò bẹ̀rù òfin kankan. Inú gọ́tà ni wọ́n ń da ọ̀rá àti ike sí, kódà lọ́jọ́ Ìsinmi. Tómi bá wá wọlé, wọ́n á ní ọ̀tá ni, ìyá arúgbó tó múlé tì wọ́n ló ń ṣe wọ́n. Bàbá mi sú mi lóòótọ́, àmọ́ inú ilé ara wọn ni bàbá ti wá Jónà!

Nígbà tómi wọlé kẹ́yìn, mo wà níbẹ̀. Tọkọtaya kúnlẹ̀, wọ́n ń lé ọ̀tá. Mo ní kí wọ́n gbé àpò ìrẹsì kúrò nílẹ̀ ná. Wọ́n ní kí èmi ìyá wọn kọ́kọ́ ṣe Àmín.

Mi ò ṣe é. Mo ká ìró mi sókè, mo sì lọ fa ìrẹsì.