Rẹfirí Lọ Wo Ijó Orí Yìnyín

Iṣẹ́ akunlé ni ọkùnrin náà ń ṣe, ṣùgbọ́n tó bá di Sátidé, rẹfirí bọ́ọ̀lù ni. Fèrè ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bó bá jágbe lójú oorun, káàdì ló ń fún ẹnì kan.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí, ìyẹn ò sì bá bọ́ọ̀lù lọ. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ bàtà onírin lẹ́sẹ̀, tó yọ̀ ṣọ̀ọ̀rọ̀ lórí yìnyín gbọ̀ngàn eré, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Fèrè ń ra bàtà fún un, ó sì ń gbé e lọ síbi ìdánrawò, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìdíje ò wọ̀ ọ́ létí. Lójú tirẹ̀, bọ́ọ̀lù ò mọ ojúsàájú: bó bá kọjá ìlà, góólù ni, bí kò bá kọjá, kí kálukú padà sáyè rẹ̀. Ta ló wá fẹ́ gbé ẹwà sórí ìwọ̀n? Ọmọ rẹ̀ kì í bá a jiyàn. Ó kàn máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wá wò ó lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tó yá, òun àtìyàwó rẹ̀ lọ wo ìdíje kan. Gbọ̀ngàn náà tutù bí inú fìríìjì. Nígbà tó kan ọmọ rẹ̀, ó fẹ̀yìn sáré, ó fò sókè, ó yí po yí po lófuurufú, ó sì fẹsẹ̀ kan balẹ̀. Fèrè ti dìde kó tó mọ̀. Ní ìfò kejì, ọmọ náà ṣubú, ó fìdí jókòó. Ìyá rẹ̀ fọwọ́ bojú. Kó tó ṣíjú, ọmọ ti dìde, ó ti bá orin mu, ó sì parí ijó rẹ̀ bí òkòtó tó ń jó.

Ọmọbìnrin tó tẹ̀ lé e ò ṣubú rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí máàkì jáde, ọmọ Fèrè ló gba máàkì jù ú lọ, ó sì ṣe ipò kejì nínú gbogbo wọn. Ariwo ojúsàájú sọ lápá ibi tí àwọn ẹbí ọmọ kejì jókòó sí. Dípò kí Fèrè máa yọ̀, ọ̀dọ̀ olùkọ́ ọmọ rẹ̀ ló gbà lọ tààrà.

"Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọn ò gbè sẹ́yìn ọmọ mi?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní ìfò kọ̀ọ̀kan ló ní iye tirẹ̀. Wọ́n yọ máàkì fún ìṣubú lóòótọ́, àmọ́ àwọn ìfò tó rọrùn ni ọmọ kejì fò. Ní ti ẹwà, adájọ́ pọ̀, kálukú sì ń dá fún ní máàkì ni.

"Máàkì tó ga jù àti èyí tó kéré jù, wọ́n á yọ méjèèjì dànù. Wọ́n á ro ìyókù pọ̀, wọ́n á sì fi iye adájọ́ tó kù pín in."

Fèrè ní, "Èmi nìkan ni mo máa ń dá fọn fèrè. Bí mo bá ṣì í fọn, ta ní ń yọ tèmi dànù?"

Olùkọ́ ní kó má tíì yọ̀ jù. Ojú èèyàn náà làwọn adájọ́ fi ń wò, àwọn mìíràn nínú wọn a sì máa gbè sẹ́yìn orúkọ tí wọ́n ti mọ̀. Fèrè ò dúró gbọ́ tán. Ó ti sáré lọ sétí yìnyín, ó gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ń pariwo débi pé ọmọ ní, "Bàbá mi, ẹ rọra, àwọn èèyàn ń wò wá."

Oṣù tó tẹ̀ lé e, ó forúkọ sílẹ̀ láti kọ́ṣẹ́ adájọ́ orí yìnyín. Nílé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta a máa jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, kálukú a fún oníjó ní máàkì. Ti Fèrè ló máa ń ga jù, torí gbogbo wọn ló wú u lórí. Ọmọ rẹ̀, tó mọ àléébù, ló ń háwọ́ jù. Wọ́n á yọ tàwọn méjèèjì dànù. Ti ìyá, nọ́ọ̀sì tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìfò kan àti òmíràn, ló ń ṣẹ́ kù, òun ló sì ń dájọ́ ilé náà títí dòní.