Wolé-wolé Ọ̀kà àti Ejò Inú Búrẹ́dì

Títí dòní, bí o bá dárúkọ Bàbá Adébíyìí ní Ìkàrẹ́, ọjọ́ tó jókòó sí àdúgbò Jùbílì tó ń jẹ búrẹ́dì ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún ẹ. Ṣòkòtò péńpé kakí tó fi ṣiṣẹ́ wolé-wolé nígbà ayé ijọ́un ló wọ̀, ó dé fìlà iṣẹ́ mọ́ ọn, ó gbé àpótí síwájú ilé búrẹ́dì Memunat, ó sì ń jẹ búrẹ́dì tí gbogbo ìlú ti sọ pé ejò wà nínú rẹ̀. Èrò pọ̀ débi pé ọkadà ò rí ọ̀nà kọjá. Wọ́n ń retí kí bàbá ṣubú. Ó jẹ búrẹ́dì kan tán, ó nu ẹnu, ó wo gbogbo wọn lójú, ó ní kí wọ́n gbé ìkejì wá, pé ṣúgà ti àkọ́kọ́ ò tó.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Memunat jẹ́ opó kan tó ti Ìṣùà wá yan búrẹ́dì ní Ìkàrẹ́. Lọ́jọ́ kan ṣáá, ariwo ta pé ejò jáde nínú búrẹ́dì rẹ̀. Fọ́tò ejò náà wà lórí fóònù gbogbo ènìyàn, títí kan fóònù àwọn tí kò ní dátà. Àwọn tó ń gba búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀ lọ tà kó o padà wá bá a. Ààrò tutù. Memunat bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù, ó ní òun ń padà sílé bàbá òun kí wọ́n tó fi òkò lé òun.

Orí ẹrù dídì ni Bàbá bá a, nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ láti ìlú rẹ̀, Ọ̀kà, wá ra búrẹ́dì tó máa ń jẹ.

"Ta ló rí ejò náà?"

"Gbogbo ayé ni, Bàbá."

"Gbogbo ayé ò ní ojú. Mo ní ta ló rí i?"

Memunat ò mọ̀. Bàbá gba okùn ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi í sápò. Ó ní títí òun yóò fi rí ẹni tó rí ejò yẹn, kò sẹ́ni tó ń lọ sí Ìṣùà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Bàbá jẹ́. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi yọjú sínú àmù omi àwọn ará Ọ̀kà, tó ń wá tanwíjí. Nígbà tí ìjọba ní kó lọ sinmi, tí kò rí àmù yẹ̀ wò mọ́, ó dojú kọ ìròyìn. Ó ní bí omi ni ìròyìn rí. Omi orísun ni èyí tó ti ẹnu ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀ jáde. Omi garawa ni ti ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu onítọ̀hún. Kò burú, ṣùgbọ́n kí a wo ìdí garawa náà ná. Omi àmù ni èyí tí gbogbo ayé mọ̀, tí kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó pọn ọ́n. Ibẹ̀ ni tanwíjí ń gbé.

Ìyàwó rẹ̀, Màmá Fúnminíyì, sọ pé lọ́jọ́ tí òun bí àkọ́bí, wọ́n sáré lọ sọ fún un pé ọkùnrin ni. Ó ní òun ti gbọ́, ó sì dé, ó tú ọmọ náà wò. Wòlíì kan ní Ọ̀kà lé e jáde nínú ìsìn nítorí pé nígbà tí wòlíì náà ní òun rí ìran kan, Bàbá béèrè bóyá wòlíì fúnra rẹ̀ ló rí i tàbí wọ́n rí i fún un.

Ọ̀dọ̀ Theresa onídìrí ló kọ́kọ́ lọ, nítorí ẹnu rẹ̀ ni Memunat ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Theresa na fọ́tò sí i. Bàbá yí fóònù náà sókè, ó yí i sódò.

"Theresa, wọ́n ti fi ẹ̀rọ gé búrẹ́dì inú fọ́tò yìí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ṣé o ti rí ẹ̀rọ tó ń gé búrẹ́dì lọ́dọ̀ Memunat rí?"

Theresa ní òun ò rí i rí, ṣùgbọ́n ẹni tó fi ránṣẹ́ kì í parọ́. Bàbá ní ta ni ẹni náà. Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó máa ń fi àdúrà ránṣẹ́ láràárọ̀.

Nígbà tí Bàbá kò jẹ́ kó ráyè dirun mọ́, Theresa jẹ́wọ́ pé Tósìn ọlọ́kadà ló sọ ọ́ fún òun kí fọ́tò tó dé. Tósìn ní àlàǹgbá lòun wí, òun ò mẹ́nu kan ejò, Limota oníṣu ní Ògbàgì ló sì sọ fún òun. Bàbá gun ẹ̀yìn ọkadà rẹ̀, ó ní kó máa lọ sí Ògbàgì lọ́fẹ̀ẹ́, pé ẹni tó gbé àlàǹgbá kiri láìgbowó lè gbé àgbàlagbà.

Inú bí Limota.

"Tósìn, ìrù ọmọńlé ni mo fún ẹ. Níbo lo ti rí orí àti ẹsẹ̀?"

Tósìn ní òun rò pé ìyókù ṣì wà nínú búrẹ́dì ni.

Limota ní Àfáà Rájí, tó ń kọ́ni ní kéwú ní Ugbe, ló ra búrẹ́dì náà. Ìgbà tí wọ́n débẹ̀, tí Àfáà sọ pé òun lòun bu búrẹ́dì ọ̀hún fúnra òun, Bàbá ṣí fìlà fún un bí ẹni tó rí ọba.

"Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ni, Bàbá. Mo fi ṣàwàdà fún Limota ni, pé ó gùn bí ìrù ọmọńlé. Mo yọ ọ́ sọ nù, mo jẹ búrẹ́dì mi."

"Ṣé ẹ jẹ ẹ́ tán?"

"Alihamudulilahi. Mo tún ra òmíràn lọ́jọ́ kejì."

Bàbá kó gbogbo wọn wá sí Jùbílì, ó ní kí kálukú sọ tẹnu rẹ̀ sétí ayé. Theresa sọ ejò, Tósìn sọ àlàǹgbá, Limota sọ ìrù, Àfáà sọ ìgbálẹ̀. Lójú gbogbo wa ni ejò náà ti ń kéré títí tó fi di nǹkan tí a lè fi tayín. Síbẹ̀, ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé wọ́n ti fi búrẹ́dì ra bàbá arúgbó yìí. Bàbá ní kò tíì jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n gbé e wá. Bó ṣe jókòó nìyẹn.

Nígbà tí ìkejì tán tí kò kú, èrò bẹ̀rẹ̀ sí í ra tiwọn. Memunat ń sunkún, ó fẹ́ kúnlẹ̀ dúpẹ́. Bàbá kọjá lára rẹ̀ wọ inú ilé búrẹ́dì.

"Ejò ò sí. Ìgbálẹ̀ wà. Kí ni ìgbálẹ̀ ń wá nídìí ìyẹ̀fun?"

Ó mú Memunat fọ gbogbo ilé náà bí ẹni tí ìjọba ṣì ń sanwó fún. Àwọn ará Jùbílì búra pé ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ débi pé eṣinṣin ń yọ̀ ṣubú.

Bàbá kú lọ́dún tó kọjá. Pásítọ̀ tó sin ín ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ọ̀kà ni. Ó ka ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ pé ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Obìnrin kan tó wọ híjáàbù dìde láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Memunat ni.

"Pásítọ̀, ẹ má bínú sà. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

Pásítọ̀ ní bí wọ́n ṣe kọ ọ́ fún òun nìyẹn.

"Bàbá bá gbogbo Ìkàrẹ́ jà, sà. Nítorí tèmi ni. Mo wà níbẹ̀."

Màmá Fúnminíyì ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kí ṣọ́ọ̀ṣì tó gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rín náà pẹ́. Nígbà tó máa fi rọlẹ̀, ọ̀pọ̀ ti ń fi etí aṣọ nu ojú. Pásítọ̀ ká ìwé rẹ̀ sápò, ó sọ̀ kalẹ̀ wá gbé maikirofóònù fún Memunat, ó sì lọ jókòó láàárín wa láti gbọ́.