Kọ̀ǹpútà Abẹ́ Aṣọ

Bàtà la kọ́kọ́ máa ń bọ́ lẹ́nu ọ̀nà yàrá kọ̀ǹpútà ilé ìwé wa ní Inísà. Àwọn ọmọ á tò wọlé pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀, wọ́n á ká ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n á máa wo láptọ́ọ̀pù mẹ́wàá tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú fi ta wá lọ́rẹ. Tíṣà kọ̀ǹpútà á ṣí aṣọ funfun tí wọ́n fi bò wọ́n, á ní, "Bọ́tìnnì rèé, ojú ẹ̀ rèé, ẹ má fọwọ́ kàn án," á sì tún da aṣọ bò ó. Ẹ̀kọ́ parí. Bí wọ́n bá padà sí kíláàsì, wọ́n á ya kọ̀ǹpútà sínú ìwé, wọ́n á fi rúlà fa ìlà sí ẹ̀yà ara rẹ̀. Ọmọ tí àwòrán rẹ̀ bá dára jù ló ń gba máàkì tó pọ̀ jù. Àwòrán, ẹ gbọ́ o!

Jíọ́gíráfì lèmi ń kọ́ wọn, ó sì pẹ́ tí mo ti ń wo gbogbo èyí láì sọ nǹkan kan. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n pe àwa tíṣà sí ní Òkúkù ló dá wàhálà sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń sọ fún wa pé kọ̀ǹpútà kì í ṣe ti tíṣà kan ṣoṣo, pé tíṣà ìṣirò lè fi ya gíráàfù, tíṣà Yorùbá lè fi gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, èmi náà lè fi máàpù kọ́ àwọn ọmọ. Inú mi dùn gan-an. Lọ́jọ́ Ajé, mo lọ bá pírínsípà wa pé kí wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yàrá kọ̀ǹpútà, torí inú àpò ẹ̀wù wọn ló ń gbé.

"Ṣebí gílóòbù wà ní kíláàsì yín," ni wọ́n wí. "Kí lẹ fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe? Tó bá bàjẹ́ ńkọ́? Ṣé ẹ̀yin lẹ máa lọ ṣàlàyé fáwọn ará ìlú?"

Ǹ bá gbàgbé ọ̀rọ̀ náà bí kì í bá ṣe ti ọmọbìnrin kan ní kíláàsì àṣekágbá, ọmọ àgbẹ̀ láti Ìgbayè. Ọpọlọ ọmọ náà pé. Ó fẹ́ ṣe ìdánwò ìwọlé yunifásítì, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì ti ń ṣe gbogbo rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti là á mọ́lẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni: bí kò bá yege, kó lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀. Ọmọ náà ò sì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí láyé ẹ̀.

Ìgbà kẹta tí mo lọ bẹ pírínsípà ni wọ́n tó gbà. Ìdánwò ò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ mọ́. Àwọn fúnra wọn ló dúró tì wá. Mo ṣí aṣọ, mo tẹ bọ́tìnnì láptọ́ọ̀pù àkọ́kọ́, kò tàn. Mo tẹ èkejì, kò tàn. A ki gbogbo wọn mọ́ iná, òfo ni. Láti ọdún tí wọ́n ti kó wọn dé, kò sẹ́ni tó gba iná sí wọn lára. Bátìrì ti kú sí abẹ́ aṣọ. Pírínsípà gbé ọ̀kan, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn.

"Ṣùgbọ́n ẹ wò ó," ni wọ́n wí, "kò sí èyí tí ara rẹ̀ bó nínú wọn."

Inú bí mi débi pé mo jáde láì wọ bàtà.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo mú ọmọ náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ilé mi ní Ìkìrun, níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé tí wọ́n sì ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn.

"Fọwọ́ kàn án," ni mo wí.

Ó wò mí, ó wo ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù. "Ṣé kò ní bàjẹ́, mà?"

Mo ní kò ní bàjẹ́. Máòsì tó ti yà sínú ìwé láìmọye ìgbà, ọwọ́ méjèèjì ló fi gbá a mú bí ife ẹ̀kọ gbígbóná. Wákàtí kan ò tíì pé tí wọ́n fi mú iná lọ. A jókòó títí di ìrọ̀lẹ́, iná ò dé, mo ní kó máa lọ sílé kí ilẹ̀ má baà ṣú sí i lọ́nà. Mo bínú sí àwọn oníná, mo bínú sí pírínsípà, mo sì bínú sí ara mi tí mo ti dákẹ́ látọjọ́ yìí.

Òkúkù ló ti ṣe ìdánwò náà. Mo dúró dè é níta. Nígbà tó jáde, ó kúnlẹ̀ kí mi, kò sì tètè dìde. Mo bi í pé báwo ló ṣe lọ.

"Jíọ́gíráfì ni mo fi ṣe ìkẹyìn, mà," ló wí, "torí òun ló rọ̀ mí lọ́rùn jù. Máòsì ti jẹ gbogbo àkókò mi lórí àwọn iṣẹ́ tó kù; mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìbéèrè àkọ́kọ́ tán ni àkókò pé, ẹ̀rọ náà sì pa ara ẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, mà. Ẹ ti kọ́ wa."