Bẹ́ńtílì Tí Wọ́n Pín ní Ìdí-Ìdí

Bí ẹ bá dé Old Garage l'Óṣogbo tí ẹ béèrè Akínkúnmi rewáyà, wọ́n á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó júwe ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kò sí iná ọkọ̀ tó kú tí kò lè mú tàn, àmọ́ títí di ọdún tó kọjá, ọkọ̀ kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀ kò kúrò lójú kan láti ìgbà tí àkọ́bí rẹ̀ ti wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àkọ́bí náà ti bímọ báyìí. Àwọn awakọ̀ a máa bi í pé ìgbà wo ni òkú yóò jí.

Bẹ́ńtílì ni ọkọ̀ náà, irú èyí tí àwọn ọlọ́lá ìlú òyìnbó ń gùn láyé àtijọ́. Imú rẹ̀ gùn, ara rẹ̀ dúdú, ìyẹ́ fàdákà sì wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Òyìnbó kan tó ń ra kòkó ló gbé e wọ ilẹ̀ yìí. Nígbà tó ń padà sílé, ó tà á fún lọ́yà kan n'Ibàdàn. Lọ́yà náà lò ó títí ó fi sú u, ló bá bọ́ sọ́wọ́ Bàbá Jòsáyà, òṣómàáló ará Iléṣà tó fi aṣọ títà là. Bàbá Jòsáyà ló bí Akínkúnmi.

Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá yìí fẹ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ìyáálé a bá ọkọ rẹ̀ jókòó sẹ́yìn, ìyàwó kejì a wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, ó di ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì. Susannah, ìyàwó kékeré, ìyá Akínkúnmi, kò láyè. Á fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn, eruku Bẹ́ńtílì á sì bò wọ́n. Lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá á fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú ọmọ. Ó dun ọmọ náà wọ egungun. Ó búra nínú ara rẹ̀ pé ìyá òun yóò jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ yẹn lọ́jọ́ kan.

Nígbà tí bàbá kú, àwọn àgbà ẹbí ní ìdí-ìdí ni kí wọ́n pín ogún, kí ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan mú tirẹ̀, kí àgbà sì kọ́kọ́ mú. Ilé àti oko rọrùn láti pín. Bẹ́ńtílì ni kò ṣeé pín, wọ́n sì pín in, ẹ gbà mí o. Ayọ̀délé, àkọ́bí ìyáálé, ní ẹ́ńjìnnì ló wu òun. Ó gbé e lọ sí Iwaraja, ó ń fi í la pákó. Ìdí kejì tú àwọn ìjókòó aláwọ, ó di àga pálọ̀ ní Ìdó-Ọ̀ṣun. Ìdí Susannah tó kéré jù ló kó agbárí ọkọ̀ tó kù. Kò sẹ́ni tó jà. Inú gbogbo wọn dùn pé kò sí ìrẹ́jẹ. Irú òdodo tí í ba nǹkan jẹ́ nìyẹn.

Akínkúnmi wọ́ agbárí náà wá sí Òṣogbo. Ọjọ́ Ìsinmi nìkan lọwọ́ rẹ̀ ń dilẹ̀, nítorí náà ọjọ́ Ìsinmi ló fi ń tún un ṣe. Ó tún wáyà rẹ̀ tò látòkè délẹ̀. Ó bẹ àwọn ará Ìdó-Ọ̀ṣun títí wọ́n fi dá ìjókòó padà, pẹ̀lú awọ tó ti bó. Ó wá ku ẹ́ńjìnnì. Ayọ̀délé ti pa iṣẹ́ pákó tì, àwọn ewúrẹ́ ló ń sùn ti ẹ́ńjìnnì náà, síbẹ̀ kò fẹ́ yọ̀ǹda rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní kò burú, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá kọ́kọ́ jáde, Fadékẹ́ àbúrò òun ni yóò dá jókòó sẹ́yìn, ní ipò ìyá àwọn tó ti kú. Susannah lè wà níwájú.

Ọ̀rọ̀ náà gún Akínkúnmi lọ́kàn, ó sì gbà. Ìyá rẹ̀ ti darúgbó, orúnkún ń dà á láàmú, ẹ̀rù sì ń ba ọmọ pé ó lè kú láìfi ìdí kan ọkọ̀ náà. Kò sọ májẹ̀mú yìí fún un.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan lọ́dún tó kọjá, Bẹ́ńtílì wọ Iléṣà láti gbé ìyá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn aládùúgbò tú síta. Fadékẹ́ ti wà lẹ́yìn, gèlè rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé ọkọ̀. Akínkúnmi ṣí ilẹ̀kùn iwájú fún ìyá rẹ̀. Ìyá wo Fadékẹ́, ó wo ilẹ̀kùn, ó ní kí wọ́n máa lọ, òun á fẹsẹ̀ rìn. Akínkúnmi bẹ̀ ẹ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé òní nìkan ni. Ó ní láti kékeré, torí ìyá òun lòun ṣe ń ṣe gbogbo rẹ̀.

"Ṣé èmi ni mo rán ọ?" ni ìyá wí. "Bí mo ṣe máa ń dì ọ́ lọ́wọ́ mú lọ sí ulé Ọlọ́run, mi ò kábàámọ̀ rẹ̀ rí. Láti ìgbà tí o ti ń tún ọkọ̀ yìí ṣe, ọjọ́ Ìsinmi wo lo wá bá mi rìn?"

Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi tí Akínkúnmi fi wà lábẹ́ ọkọ̀ l'Óṣogbo, ìyá rẹ̀ ń dá rìn ni. Ìtìjú mú un. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun Fadékẹ́ má bínú, ó sì fún ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

Wọn ò rìn jìnnà. Orúnkún ìyá kọ̀ kí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì tó yọ, ni wọ́n bá jókòó lórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù kan tó tì. Akínkúnmi ní kí òun sáré gbé ọkọ̀ wá. Ìyá ò jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n ń gbọ́ orin láti ọ̀ọ́kán, wọn ò mọ èwo ni. Akínkúnmi, ẹni tó ti ní ọmọ-ọmọ, bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìyá fa etí aṣọ rẹ̀, ó fi nù ún lójú bó ti máa ń ṣe, bẹ́ẹ̀ eruku kankan kò sí níbẹ̀.