Asẹ́ Tí Ẹ̀jẹ̀ Ìyá Mi Kọ̀

Ẹ̀jẹ̀ ìyá mi kò tíì lò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ nínú asẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ tí èémí rẹ̀ fi há. Ojú rẹ̀ wú. "Ẹ yọ mí kúrò," ló ń sọ.

Ọjọ́bọ̀ kan ni, nígbà òjò ọdún tó kọjá. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìkẹ́rẹ́ ni ìyá mi. Kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mò ń gbé e lọ fọ ẹ̀jẹ̀. Akọ̀ròyìn ni mí, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn tí nǹkan ṣojú wọn ni mo fi ń jẹun, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo lè dì mú.

Nọ́ọ̀sì àgbà pa ẹ̀rọ, ó fún un lábẹ́rẹ́. Nígbà tí ìyá mi tún ń mí dáadáa, nọ́ọ̀sì béèrè bóyá irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Mo wo ìyá mi. Ìyá mi wo ògiri.

Ó ti ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, ara yún un lórí ẹ̀rọ, àyà rẹ̀ sì fún díẹ̀. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ ti gbé iṣu tuntun wá láti ìlú Ọ̀rún, ìyá mi sì ti jẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ dókítà ti ka iṣu léèwọ̀ fún un nítorí kíndìnrín rẹ̀. A gbà pé iṣu ló fà á. Ó ní kí n má sọ fún nọ́ọ̀sì.

"Uṣu ni mo jẹ," ló jẹ́wọ́ níkẹyìn. "Ẹ má nà mí."

Obìnrin orí bẹ́ẹ̀dì kejì rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ na gbogbo ọmọ Ìkẹ́rẹ́?"

Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín. "Kì í ṣe iṣu, Màmá. Asẹ́ yìí ni. Ká ní ẹ sọ lọ́jọ́ Ajé ni, a ò ní fi irú rẹ̀ sí i lónìí."

Ó ṣàlàyé pé asẹ́ tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ti tán, ọjọ́ Ajé ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo tuntun yìí. Fọ́nrán tín-ín-rín bí irun ló wà nínú asẹ́, ẹ̀jẹ̀ ń gba inú wọn kọjá. Ohun tí wọ́n fi ṣe ti tuntun yàtọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn gbà á. Ti ìyá mi kà á sí ọ̀tá, ó ń bá a jà.

Dókítà fi bírò pupa kọ ọ́ sí fáìlì rẹ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ lo irú asẹ́ náà fún un mọ́. Ó ní àwọn ti kọ̀wé béèrè fún ti tẹ́lẹ̀, òun ò mọ ọjọ́ tí yóò dé. Títí dìgbà náà, kí ìyá mi wà nílé, kó dín omi mímu kù. Bí kò bá lè mí dáadáa, kí n tètè gbé e wá.

Mo béèrè asẹ́ tí wọ́n máa lò bí mo bá gbé e dé.

Ó ní àwọn máa wo èyí tó bá wà nílẹ̀.